Ọ̀rẹ́ Mi Tí Wọ́n Dá Padà Nídìí Abẹ́rẹ́ Bupá

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdé, tí orí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba agbè omi dúró, mo ní ọ̀rẹ́ kan tí n kò tíì rí irú rẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń béèrè ìdí tí ojú mi fi ń yí padà bí wọ́n bá ti ń kéde abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ jókòó. Abẹ́rẹ́ kò bà mí lẹ́rù rí. Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi yìí ni.

Ìlú wa kò jìnnà sí Ìlútítun. Bí ẹ bá gba ọ̀nà oko bàbá mi, tí ẹ kọjá odò kékeré tí àwọn ìyá wa ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe púpurú, ẹ ó já sí káḿpù àwọn Ùròbò. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti wá, láti ìkọjá Sapẹlẹ lọ́hùn-ún, wọ́n wá ń gun ọ̀pẹ. Àwa Ìkálẹ̀ ni a ni ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n ní igbà àti àyà tí wọ́n fi ń gùn ún. Bí ọkùnrin bá kọ ẹyìn tán, obìnrin a sè é, wọn a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí epo yóò fi jáde. Gbogbo káḿpù náà a máa rùn fún epo tuntun, òórùn tí ó jẹ́ pé títí di òní, bí mo bá gbọ́ ọ níbikíbi, ọmọdé ni mo máa ń dà.

Bàbá ọ̀rẹ́ mi ni ó ń gun ọ̀pẹ lórí ilẹ̀ bàbá mi. Ọkùnrin gíga ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ni aláwàdà, ẹ̀rín rẹ̀ a ti máa pàdé yín lójú ọ̀nà kí ẹ tó rí ahéré wọn. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí, ọ̀rẹ́ mi ni àkọ́bí, ọkùnrin kan tẹ̀lé e, ìkókó kan sì wà lẹ́yìn ìyá wọn. Káḿpù yẹn ni wọ́n bí gbogbo wọn sí. Nígbà tí ìyá ọ̀rẹ́ mi ń rọbí rẹ̀, ìyá mi ni ó wà níbẹ̀, òun ni ó gé ìwọ́ ọmọ náà, abẹ́ ọ̀pẹ kan lórí ilẹ̀ wa ni wọ́n sì ri ibi rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, "Ìye" ni ọ̀rẹ́ mi ń pe ìyá mi, bí àwa ọmọ Ìkálẹ̀ ti ń pe ìyá tí ó bí wa.

Ìkálẹ̀ ni ó ń fọ̀ ju èdè bàbá rẹ̀ lọ. Bí ó bá ń bá wa jà lójú odò, ẹ kò lè mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ ilé wa. Èmi náà kọ́ díẹ̀ nínú tiwọn. Òun ni ó kọ́ mi pé bí mo bá rí ìyá rẹ̀, kí n kúnlẹ̀ kí n sọ pé "Mígwo," ìyá rẹ̀ a sì dáhùn pé "Vrẹndo," tí ó túmọ̀ sí pé kí n dìde. Ní ọjọ́ ìsinmi, a jọ ń lọ sí ìjọ Aládùúrà tí ìyá mi ń lọ. Ìyá mi rán sùtánà funfun fún àwa méjèèjì láti ara aṣọ kan náà. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, a ó jọ wọ abẹ́ igi lọ ṣa ìgbín. Ó mọ ibi tí ìgbín ń sá sí jù mí lọ, kì í sì í jẹ́ kí n mú kékeré. Ó ní kékeré kò tíì rí ayé. Ṣùgbọ́n ìgbín ńlá kan tí ó tóbi ju ọwọ́ mi lọ, èmi ni mo rí i.

Ní ọdún kan, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣì ń lọ lọ́wọ́, ìròyìn kàn pé ilẹ̀ẹ́gbóná ti ń jà ní àwọn abúlé kan lẹ́bàá odò. Ẹ̀yin kò mọ ilẹ̀ẹ́gbóná, ẹ máa dúpẹ́. Àrùn tí ó ń bo ènìyàn láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, tí ó ń fọ́ ojú, tí ó ń pa ọmọdé bí ẹni ń gbọn èso. Àwọn àgbà kì í tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀, Olóde ni wọ́n ń pè é. Láìpẹ́, ọ̀gá ilé ìwé wa sọ fún wa pé ìjọba ń rán àwọn kan bọ̀ tí wọn yóò wá gún gbogbo ìlú ní abẹ́rẹ́ bupá tí kò ní jẹ́ kí àrùn náà mú wa. Ó ní ọ̀fẹ́ ni, tọmọdé tàgbà.

Ọ̀rọ̀ náà dé káḿpù. Bàbá ọ̀rẹ́ mi wá sí ilé wa ní ìrọ̀lẹ́, ó di fìlà rẹ̀ mọ́wọ́.

"Bàbá," ó wí fún bàbá mi, "èmi àti ìyàwó mi ti gba bupá nílé kí a tó wá. Àwọn ọmọ wọ̀nyí tí a bí síhìn-ín ni kò gbà. Ṣé wọ́n wà nínú rẹ̀?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní gbogbo ènìyàn. Ṣé ọmọ tìrẹ kì í ṣe ènìyàn ni?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, ó sì lọ. Ẹ̀rín yẹn ṣì ń dùn mí.

Ọjọ́ náà pé. Mọ́tò gíga kan gbé àwọn ọkùnrin aláṣọ kakí wá sí pápá ilé ìwé wa. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ tí ó dà bí ìbọn, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀, bí wọ́n bá fi ẹnu rẹ̀ ti ènìyàn lápá, ó di "ṣìì!" oògùn ti wọlé. Èrò pọ̀ bí ìgbà ọdún. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ìlú yàn láti tò wọ́n. Ẹ má ṣe rò pé ènìyàn burúkú ni. Òun ni ó ń gbé wa kọ́rùn bí odò bá kún. Ṣùgbọ́n Olóde ti mú ọmọ méjì lọ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́kùnrin, láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù àrùn yẹn ti ń gbé inú rẹ̀.

Bí oòrùn ti ń ga, àwọn ará abúlé tí a kò retí ń dé. Ẹnìkan ní oògùn kò ní tó. Bí ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde lẹ́nu rẹ̀, ojú gbogbo ènìyàn yí padà, àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara wọn. Àárín ìgbà yẹn gan-an ni àwọn obìnrin káḿpù dé pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Wọ́n ti wẹ̀ fún wọn, wọ́n ti fi òróró àdín pa wọ́n lára. Ọ̀rẹ́ mi wọ aṣọ Kérésìmesì rẹ̀. Wọ́n ti gún mi ní tèmi, ó sáré wá bá mi.

"Ṣé ó dùn ẹ́?"

Mo ní ó dùn mí bí ìgbà tí ìjàlọ bá ta ènìyàn. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i fún mi. Ó ní òun kò ní sunkún rárá, kí n máa wo òun.

Ìyá rẹ̀ ti dé iwájú ẹ̀gbọ́n bàbá mi.

"Níbo ni ẹ ń lọ?"

"A wá gba bupá ni, Bàbá."

"Ti onílùú ni a ń ṣe lọ́wọ́. Ẹ lọ gba tiyín ní ìlú yín."

"Bàbá, àwọn ọmọ yìí kò dé ìlú wa rí. Ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò wo ojú rẹ̀. "Àjèjì ni yín. Bí ó bá ṣẹ́kù, a ó ránṣẹ́ pè yín."

Ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Wọ́n kó ogun wá bá wa, wọ́n tún fẹ́ gba oògùn wa!" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Kò sí ogun kankan tí àwọn ẹni yẹn kó wá. Ọ̀pẹ ni wọ́n ń gùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun wà nílùú, ẹnikẹ́ni tí ahọ́n rẹ̀ bá wúwo díẹ̀, ọ̀tá ni.

Bàbá mi wà ní Òkìtìpupa lọ́jọ́ náà, ìyá mi wà nílé níbi tí ó ti ń se oúnjẹ àwọn àlejò ìjọba. Àwọn aláṣọ kakí kò gbọ́ èdè wa, iṣẹ́ wọn ni wọ́n dojú kọ. Ìyá ọ̀rẹ́ mi so ọjá ìkókó rẹ̀ le, ó mú ọmọkùnrin rẹ̀ lọ́wọ́, ó yí padà. Kò rẹ́rìn-ín, kò bú ẹnikẹ́ni. Ọ̀rẹ́ mi ń wò mí láti èjìká bí wọ́n ti ń lọ, bí ẹni tí a kò tíì sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ fún. N kò fojú kàn án mọ́.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ìyá mi gbé púpurú àti ọbẹ̀ ẹja wá fún àwọn àlejò. Èmi ni mo ru omi tẹ̀lé e. Èrò ti tú ká. A bá ọ̀kan nínú àwọn aláṣọ kakí lẹ́yìn ilé ìwé, ó ń da omi kan láti inú ìgò sílẹ̀. Èyí tí ó jẹ́ olórí wọn gbọ́ Yorùbá díẹ̀, ìyá mi bi í pé kí ni wọ́n ń dà nù.

"Oògùn tí ó ṣẹ́kù ni, Màmá. Bí a bá ti pò ó, kò gbọ́dọ̀ sùn. Yóò ti bàjẹ́ lọ́la."

"Ó ṣẹ́kù?" Ìyá mi gbé igbá oúnjẹ kalẹ̀. "Àwọn Ùròbò inú oko wa ńkọ́? Ẹ ti gún wọn?"

"Ta ni wọ́n? Wọ́n ní kò sí ẹlòmíràn mọ́."

"Ṣé ó tọ́ sí wọn? Ṣé kì í ṣe ti onílùú nìkan?"

Ọkùnrin náà wò ó bí ẹni pé kò gbọ́ ìbéèrè rẹ̀ dáadáa. "Màmá, ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ní apá ni."

Ìyá mi kì í bá ẹbí ọkọ jà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi níbi tí ó ti ń fọ ẹsẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá wa, oògùn ṣẹ́kù. Ilẹ̀ ni wọ́n dà á sí."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò gbé orí sókè. "Mo rò pé kò ní tó ni, ìyàwó. Tiwa ni mo kọ́kọ́ rò."

"Ọmọ tí mo gé ìwọ́ rẹ̀, tí mo ri ibi rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ bàbá yín, ti ta ni, Bàbá?"

Ó tún bu omi sí ẹsẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ìyá mi ti dé káḿpù. Àwọn aláṣọ kakí ń lọ sí Òde-Ìrèlè lọ́jọ́ náà, ó sì fẹ́ kó àwọn ọmọ náà wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ bí ó ti rí fún mi nígbà tí mo dàgbà. Ó ní bàbá ọ̀rẹ́ mi ń pọ́n àdá lọ́wọ́, kò sì dáwọ́ dúró.

"Ìyá, níbi tí wọ́n ti mọ̀ mí, tí mo ti ń san ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n lé ìyàwó mi bí adìẹ. Níbi tí wọn kò ti mọ̀ mí ńkọ́?"

"N ó bá wọn lọ. N ó ní èmi ni mo bí wọn."

Ó wá gbé àdá kalẹ̀. "Ọmọ mi kò ní sẹ́ bàbá rẹ̀ kí ó tó gba oògùn."

Ìyá mi bẹ̀ ẹ́. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú. Ó ní kí wọ́n fún òun ní ìgbà díẹ̀, pé bí ìkórè ẹyìn bá ti rọlẹ̀, òun fúnra òun yóò kó àwọn ọmọ lọ gbà á nílé àwọn. Ìyá mi kò bínú sí i títí ó fi kú. Ó máa ń sọ pé, "Ẹni tí a bá dójú tì lójú ọmọ rẹ̀, kò rọrùn fún un láti tún na ọwọ́."

Ìkórè kò tíì rọlẹ̀ nígbà tí ọkùnrin kan tí ó ń ra epo kiri lójú odò sùn sí káḿpù pẹ̀lú ara gbígbóná. Láìpẹ́ sí i, a gbọ́ pé ọmọ kékeré kan níbẹ̀ ti ń ní eéwo lójú. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú gbé igi dábùú ọ̀nà oko. Wọ́n ní ẹni tí ó bá ti káḿpù wá, kí ó padà. Bàbá mi gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí Òkìtìpupa lọ fi tó àwọn aláṣẹ ìlera létí. Ìyá mi ń di oúnjẹ ó ń kọjá igi náà lójú wọn. Ó ní òun ti gba bupá, kí ẹni tí yóò dá òun dúró jáde.

Ọ̀rẹ́ mi wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ dùbúlẹ̀. Wọn kò jẹ́ kí n lọ. Mo máa ń dúró de ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, n ó bi í pé ṣé ara rẹ̀ ti yá. Ní ọjọ́ kan, ìyá mi ní, "Ó ní kí n bi ọ́ bóyá o ti lọ ṣa ìgbín láìmú òun lọ́wọ́."

Mo ní, "Ẹ sọ fún un pé n kò lọ. Ẹ ní mò ń dúró dè é."

Mo rò ó ní gbogbo ọ̀sán, bí mo ti fẹ́ kí ó gbọ́ ọ. Nígbà tí ìyá mi tún lọ, ó padà pẹ̀lú oúnjẹ tí ó gbé lọ, odindi. Ó wọlé, ó ṣí àpótí, ó mú sùtánà funfun ti ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa fún fífọ̀, ó tún jáde. Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn.

Ìkókó náà tẹ̀lé e. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀. Ìyá mi ní bàbá wọn nìkan ni ó ń fi ọkọ́ ha ilẹ̀ nínú igbó nígbà tí ó rí ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí ó ń bọ̀ pẹ̀lú ọkọ́ léjìká. Kò sí ẹni tí ó rán an. Ó bọ́ ẹ̀wù, ó bọ́ sínú kòtò náà. Àwọn méjèèjì jọ gbẹ́ ilẹ̀ náà tán. Nígbà tí ó kan ti ìkókó, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí bàbá ọmọ lọ jókòó, ó dá a gbẹ́.

Nílẹ̀ wa, wọn kì í sunkún òkú Olóde. Àwọn àgbà ní yóò bínú. Nígbà tí ìyá ọ̀rẹ́ mi figbe ta, àwọn kan láti ìdí igi tí wọ́n fi dínà ń pariwo pé kí wọ́n pa á lẹ́nu mọ́. Ìyá mi jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Sunkún rẹ. Sunkún ọmọ rẹ." Òun náà sì bá a sun ún. A gbọ́ ọ dé ilé.

Lẹ́yìn èyí ni mọ́tò àwọn aláṣọ kakí dé káḿpù. Wọ́n wọ ahéré kan dé èkejì, wọ́n gún gbogbo ènìyàn ibẹ̀, wọn kò bi ẹnikẹ́ni ní ìlú rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò gbà wọ́n lákòókò rárá.

Ọmọkùnrin náà yè é, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kan lọ sí i. Nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù wọn padà sílé, wọ́n yà ní ilé wa. Mo kúnlẹ̀ fún ìyá ọ̀rẹ́ mi, mo ní, "Mígwo." Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó sì jẹ́ kí ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n gba ọ̀nà Òkìtìpupa lọ. A kò gbúròó wọn mọ́.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbó, ó dàgbà. Ó kọ̀ láti tún to èrò fún ìlú, bí wọ́n ti bẹ̀ ẹ́ tó. Bí òjò bá ń rọ̀, a máa jókòó sí ìloro, ojú rẹ̀ a wà lọ́nà oko.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Wọ́n ní ilẹ̀ẹ́gbóná ti tán pátápátá lágbàáyé. Igbó ti bo ibi tí káḿpù wà, bí mo bá ní kí n fi ojú oórì hàn yín, n kò lè rí i. Lónìí, àwọn olùtọ́jú ìlera ń gbé àjẹsára sínú kúlà kiri ilé, wọ́n ń dé oko lọ́dọ̀ àwọn Ìgbìrà àti àwọn tí ó ti Tógò wá, wọ́n ń dé ibùdó Fúlàní, ọmọ ni wọ́n ń wá, wọn kì í béèrè bàbá rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi obìnrin tí ó wà ní ìlú òyìnbó pè mí lórí fóònù pé wọ́n ti fún ọmọ òun ní àjẹsára. Mo bi í pé, "Ṣé wọn kò yọ yín lẹ́nu, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé?" Ó ní, "Rárá, Màmá. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n ní ti gbogbo ọmọ ni." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo súre fún àwọn ènìyàn náà. Lẹ́yìn tí ó pa fóònù, mo wọ yàrá, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Àwọn tí kò mọ̀ wá rí ṣe fún ọmọ wa ohun tí àwa kò ṣe fún ọmọ tí a bí sí àárín wa.

Bí ó bá wà láyé, òun náà ìbá ti di ìyá àgbà. À bá jọ jókòó níbí lálẹ́ yìí, bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, òun ìbá máa já mi lẹ́nu pé irọ́ ni mò ń pa, pé òun ni ó rí ìgbín ńlá yẹn, kì í ṣe èmi.